Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Kétu Tó Fẹ́ Ère Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ọ̀rọ̀ ère ojú títì tí àwọn kan nínú yín fẹ́ kí wọ́n gbé sí Kétu wa ní Benin, tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín yín, ló mú wa kọ̀wé. Àwọn kan ní kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga. Àwọn kan ní Kútọnu ti ní tirẹ̀, kí ló dé tí Kétu ò ní ní? Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú yín.

Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Amásónì ti Kútọnu, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Li Xiangqun, ará Ṣáínà, ló ṣe é. Iṣẹ́ ńlá ni, orí ẹni a máa wú téèyàn bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ológun Dànhọ̀mẹ̀ ni ère náà ń rántí, ogun Dànhọ̀mẹ̀ ló sì fọ́ Kétu ní 1886. Ẹni tó bá wò ó tí inú rẹ̀ dùn tó tún bàjẹ́, ẹ má bú u.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Bó bá jẹ́ idẹ lẹ fẹ́, ìda ni wọ́n máa kọ́kọ́ mọ lé amọ̀ lórí. Wọ́n á fi amọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ìda kílò 1 máa ń gba idẹ bíi kílò 10, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìda lójú yín kẹ́ ẹ tó gba iye tí wọ́n pè. Ara ère náà kì í sábà nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, irin inú ló ń gbé e ró, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí irin lásán bá fara kan idẹ, tí omi sì débẹ̀, kíá ni irin náà yóò jẹrà. Kí wọ́n lo irin tí kì í dípẹtà, kí wọ́n sì lu ihò sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ère kí omi inú lè máa rí ọ̀nà jáde.

Kọnkéré ni agbára ọ̀pọ̀ ìlú ká. Kò burú, bó bá ti bo ọ̀pá irin tó sẹ̀ǹtímítà 4 níbi gbogbo. Ìka ọwọ́ ère àti idà rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ìwọ̀n yìí ṣeré, torí pé ibẹ̀ tínínrín. Omi á wọlé, irin á dípẹtà, á wú, á sì la kọnkéré. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ ère lẹ́yìn òjò: ẹ óò rí ìlà pupa tín-ín-rín tó ń ṣàn wálẹ̀ bí epo. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án. Bó bá dún bí ohun òfìfo, ó ti là nínú. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé irú rẹ̀, egbò tí kò wẹ̀ ló fi aṣọ bò.

Ọmọ Kétu mọ igi gbẹ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún àjogúnbá aráyé ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ère igi síta fún òjò àti ikán. Ẹ jẹ́ kí agbẹ́gilére wa gbẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ idẹ yóò máa wò ṣe, kí owó lè kù nílé.

Kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà, ẹ bèèrè ẹni tí yóò máa fi omi àti ọṣẹ fọ ère náà lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́, tí yóò sì fi ìda pa á, àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Ẹ ní kí wọ́n dá ìdá 1 nínú 10 owó iṣẹ́ dúró títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ lé e. Bí wọn kò bá lè kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi owó náà tún àyíká Akaba Ìdènà ṣe. Ẹnu ibodè ìlú wa nìyẹn, ó sì ṣì wà níbẹ̀.

Àwa àgbà yín ní Kétu.