Má tíì yọ prósẹ́sọ̀ yẹn o

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé prósẹ́sọ̀ tuntun, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yẹn, ti dé ọwọ́ ẹ, inú mi dùn gan-an, àmọ́ jọ̀ọ́ má tíì tú kọ̀ǹpútà yẹn. Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n tú, o mọ̀ ọ́n tò, ẹ̀rù fáìlì ẹ ló ń bà mí.

Prósẹ́sọ̀ AMD lò ń lò, àbí? Ó máa ń ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní fTPM, òun ló ń bá BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísíìkì pa, ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ dísíìkì ẹ, ohun tí prósẹ́sọ̀ àtijọ́ sì ti tì pa, tuntun ò lè ṣí i. Tó o bá tan kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tó o pààrọ̀ ẹ̀, ó lè bi ẹ́ bóyá kó pa fTPM rẹ́, Y tàbí N. Má sáré tẹ Y o! Tó o bá tẹ N, o ṣì lè dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀ kó o wọlé, àmọ́ tó o bá tẹ Y láìní recovery key, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí dísíìkì tó bá tì, lọ́wọ́, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ ṣí i.

Má sì sọ fún mi pé o ò tan BitLocker rí, Windows 11 máa ń tan irú ẹ̀ fúnra ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Wọ inú àkáǹtì ẹ lórí fóònù, wá recovery key yẹn, ẹyọ nọ́ńbà 48 ló wà nínú ẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé, má fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan náà.

Lẹ́yìn náà kó o wá dá BitLocker dúró ná, suspend ni wọ́n ń pè é. Tí bíọ́ọ̀sì (BIOS, ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá tan) bá nílò àtúnṣe kó tó mọ prósẹ́sọ̀ tuntun, suspend kó o tó ṣe ìyẹn, kó o tún suspend kó o tó yọ prósẹ́sọ̀, torí ó sábà máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá ti tún tan.

PIN tó o fi ń wọlé náà lè kọ̀, torí náà rí i pé o rántí páswọ́ọ̀dù ẹ gangan. Ti activation, ìyẹn kí Windows gbà pé láísẹ́ǹsì ẹ péye, ò le tó bẹ́ẹ̀, pípààrọ̀ motherboard, pátákó tí prósẹ́sọ̀ jókòó lé, ló sábà máa ń bà á jẹ́, ṣáà so láísẹ́ǹsì Windows mọ́ àkáǹtì ẹ, tó bá yọnu, lọ sí Troubleshoot kó o sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ nǹkan ni.

Tó o bá ti kọ ẹyọ nọ́ńbà 48 yẹn tán, pè mí kó o tó tú u.

Màmá ẹ