Ẹ Má Da Omi Ẹ̀fọ́ Nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ìwé oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, ìdí sì nìyí tí ó fi ń dùn mí pé, irú ẹ̀fọ́ yòówù tí ẹ bá ń kọ́ wa ní sísè, ẹ ó ní kí á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, kí á fún un, kí á sì da omi rẹ̀ nù.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní Atlanta wá kí wa ní Òjé, ó se ẹ̀fọ́ fún wa bí wọ́n ṣe ń sè é ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ewé collard, ìbátan kábéèjì, ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Úgú tí ó ti gbó díẹ̀ ni a rí rà ní Bódìjà. Ó kọ́kọ́ se apá tòlótòló tí a ti fi èéfín yan pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata títí omi fi gba adùn rẹ̀, kí ó tó kó ewé sí i, tí ó sì fi iná jẹ́jẹ́ sè é títí ó fi rọ̀, ó wá kán fínígà díẹ̀ sí i. Bí mo ṣe fẹ́ sẹ́ omi rẹ̀ báyìí, ó di ọwọ́ mi mú: “Màámi, ẹ má dà á nù o, ibẹ̀ ni adùn wà.”

Potlikker ni wọ́n ń pe omi yìí, búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ní 1931, Huey Long, gómìnà Louisiana nígbà náà, àti ìwé ìròyìn Atlanta Constitution bá ara wọn jiyàn ní gbangba lórí bóyá kí á ti búrẹ́dì náà bọ inú omi ni, tàbí kí á rún un sí i. Irú omi tí àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí báyìí ni à ń dà sí gọ́tà!

Fítámì C àti folate (ọ̀kan lára àwọn fítámì B) máa ń yọ́ sínú omi tí a fi se ẹ̀fọ́. Ewúro yàtọ̀, nítorí kíkorò rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá sì ti kìlọ̀ fún nítorí òkúta inú kíndìnrín lè da omi tẹ̀tẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n fún ṣọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ pé kí omi kéré, kí ó sì wà nínú ọbẹ̀. Gbúre kò tilẹ̀ nílò omi rárá, èyí tí ó wà nínú ewé rẹ̀ ti tó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá kan láti Òjé, Ìbàdàn