Bàbá, ẹ fi Àyìndé sílẹ̀ ná

Stockholm,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Níbí, yìnyín ló ń bọ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ara le.

Mo ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí pé lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kí n délẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dárúkọ Àyìndé àti orin tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe báyìí, ẹ ó ní, "Oṣù mẹ́ta lórí orin kan ṣoṣo! Èmi tí mo máa ń gbé àkúbà wọ sítúdíò láago mẹ́wàá àárọ̀, tí odidi àwo á parí kí ilẹ̀ tó ṣú!" Mo gbọ́ o, Bàbá. Kí Màmá bá yín ka lẹ́tà yìí, kí Àyìndé má rí i, orí rẹ̀ á wú jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a kó díẹ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ lọ sí ilé tí wọ́n kó ohun ìrántí ABBA sí ní Djurgården. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn òyìnbó mẹ́rin, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, tí Màmá máa ń fi orin wọn gbálẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ ó wá ní kí ó pa orin aláìnílù yẹn. Dùùrù kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Wọ́n ní wọ́n so ó mọ́ ti Benny Andersson, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ní sítúdíò tirẹ̀. Bó bá tẹ tiẹ̀ lọ́hùn-ún, eléyìí á máa dá dún. A dúró dúró, kò dún. Ìyá àgbà tí mo di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú ní, "Bóyá ó ń jẹun."

Ìyá yìí ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn "Dancing Queen", ọ̀kan nínú orin wọn, fún mi. Nígbà tí mo délé, mo wá a kà títí oorun fi dá lójú mi.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, ní Glenstudio, lẹ́yìn ìlú Stockholm níbí. Orin náà kò tíì ní ọ̀rọ̀ nínú. "Boogaloo" ni wọ́n kàn ń pè é. Benny àti Björn Ulvaeus, ọkùnrin kejì, ti ní ohùn orin, ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn ni wọ́n ń wá. Ibi tí wọ́n ti rí ẹsẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. George McCrae, adúláwọ̀ ará Florida l'Amẹ́ríkà, ti gbé "Rock Your Baby" jáde ní 1974, ìlù ibẹ̀ sì wọ̀ wọ́n lára. Roger Palm tó ń lùlù fún wọn àti Michael Tretow tó ń gba ohùn sílẹ̀ tún fẹ́ràn àwo kan tí Dr. John, olórin ará New Orleans l'Amẹ́ríkà, ṣe ní 1972, tí ìlù ìlú rẹ̀ kún inú rẹ̀. New Orleans yìí ni àwọn ẹrú láti Áfíríkà ti máa ń péjọ lùlù lọ́jọ́ Ìsinmi ní Congo Square. Orin aláìnílù, àbí?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ìlù inú orin McCrae yẹn, ẹ̀rọ ló lù ú. Ẹ̀rọ, Bàbá, irú èyí tí ẹ ń torí ẹ̀ bú Àyìndé. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ yín níyà: nígbà tó kan àwọn ará ibí, èèyàn ni wọ́n ní kó jókòó sídìí ìlù.

Ẹ̀yin àti Tretow ì bá mọwọ́ ara yín. Ó máa ń ní kí wọ́n lu nǹkan kan, kí wọ́n tún un lù lé orí ti àkọ́kọ́, á wá yí eré téèpù padà díẹ̀, kí ohùn méjèèjì má bàa dọ́gba tán. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dẹ awọ àkúbà kejì díẹ̀, tí ẹ ó ní kí wọ́n lè máa bá ara wọn jà? Ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Agnetha àti Frida, àwọn obìnrin méjèèjì, kò pín orin náà sí lílé àti ègbè. Àwọn méjèèjì jọ lé e pọ̀ ni. Àárín ègbè ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀: Benny á fi ọwọ́ gbá eyín dùùrù já, ègbè á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, Benny ti gbé téèpù ìlù àti dùùrù náà lọ sílé fún Frida láti gbọ́. Frida bú sẹ́kún.

Síbẹ̀ wọn ò tètè tà á. "Fernando", orin wọn mìíràn, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ọba ibí, lóṣù kẹfà ọdún 1976, ni wọ́n kọ "Dancing Queen" lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú aṣọ àtijọ́ gbàǹgbàlà bí ará ààfin. Ìyá àgbà ní òun wò ó. Oṣù kẹjọ ni àwo tó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wà nípò kìíní ní Bìrìtìkó, ó sì gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 1977. Láti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dé ọjọ́ tó dé ọjà, ọdún kan gbáko. Àyìndé ṣì ku oṣù mẹ́sàn-án.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ẹ yára jù wọ́n lọ. Owó sítúdíò ló ń lé yín, àwọn tó sì gbé àwo yín jáde kò fún yín ní kọ́bọ̀ lẹ́yìn owó ọkọ̀. Tiwọn, ọ̀gá wọn Stig Anderson ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo, òun náà sì bá wọn kọ ọ̀rọ̀ orin náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àkúbà yẹn jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ lu tiyín lé orí ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ti fi maikirofóònù rán Ìyá Tósìn, yóò dé ní ìparí oṣù. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni mo fi wé e. Màmá ló ni ìbọ̀sẹ̀ o, kì í ṣe Àyìndé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́