Ẹ Má Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Owó Àtijọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó èdè wa. Mo ka ìmọ̀ràn tí ìwé ìròyìn yín tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí fún àwọn tó ní owó onírin àtijọ́ nílé, níbi tí ẹ ti ní kí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán, kí wọ́n sì wá dì í sínú ọ̀rá kí atẹ́gùn má baà kàn án. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, méjèèjì ni kò tọ̀nà, ti àkọ́kọ́ tilẹ̀ burú ju ti èkejì lọ, nítorí owó tí a bá ti fi ọsàn bó lára, kò sí àtúnṣe fún un mọ́.

Ní Àgbádárìgì níhìn-ín, ọ̀pọ̀ agbolé ni ènìyàn ti lè bá owó àtijọ́ nínú ẹrù àwọn àgbà. Ìlú wa ti ń bá àwọn ará òkè òkun ṣòwò tipẹ́, ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò sì jìnnà sí wa, ìdí nìyí tí ọ̀nínì oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń wà pẹ̀lú owó àwọn Faransé nínú agolo kan náà. Ṣùgbọ́n òkun wà ní ìhà kan, ọ̀sà wà ní ìhà kejì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ wọlé tọ̀ wá sì gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin dání. Bàbà, àti gbogbo ohun tí a bá fi bàbà lú, kì í bá iyọ̀ rẹ́. Bí iyọ̀ bá ti ráyè wọ ara owó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rinrin sì bá a níbẹ̀, yóò máa jẹ owó náà díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ wá. Àmì rẹ̀ ni àwọn ojú kéékèèké aláwọ̀ ewé tó ṣá, tó rí kúlúkúlú bí ìyẹ̀fun, tí a óò nù lónìí tí yóò sì tún yọ. Owó tí ẹ bá rí èyí lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó tó di pé ó gbẹ́ ihò sínú rẹ̀.

Aládùúgbò mi kan gbé ṣílè kan wá fún mi wò, irú èyí tí orí Ọba George Karùn-ún wà lójú rẹ̀ kan, tí igi ọ̀pẹ sì wà lójú kejì. Fàdákà ni wọ́n fi ṣe irú ṣílè yìí láti 1913. Ìgbà tó di 1920 ni idẹ bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò fàdákà, nítorí náà ọdún tó wà lára rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ṣe é ló ń sọ iye tó tọ́. Wọ́n ti fi ọsàn àti eérú fọ ti aládùúgbò mi yìí. Igi ọ̀pẹ náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n imọ̀ rẹ̀ tó yẹ kí ojú lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan ti pa pọ̀ di ọ̀kan, gbogbo àyíká rẹ̀ sì kún fún ilà wẹ́wẹ́ tí eérú fà sí i lára. Ó ń dán lóòótọ́, ó sì ti bàjẹ́. Dúdú tí fàdákà máa ń dú kì í ṣe ìdọ̀tí. Imí ọjọ́ inú atẹ́gùn ló ń bá a ṣe é, àwọn tó ń ra irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó o kúrò. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lára owó, kí a rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ tí wọ́n ń bù sí bátìrì ọkọ̀, èyí tí kò ní ásíìdì nínú o, kí a sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ láìfi ra á. Etí owó ni ká sì máa fi ìka dì mú nígbà gbogbo, nítorí òógùn ọwọ́ wa náà ní iyọ̀ nínú.

Ní ti ọ̀rá, oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó rọ̀, tó sì ń rùn bí aṣọ òjò tuntun, oríṣi ike tí wọ́n ń pè ní PVC ló sábà máa ń jẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ìwé àkójọ olówó pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n fi mú un rọ̀ yóò máa jáde lára rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, yóò sì lẹ̀ mọ́ owó bí òróró aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ni ásíìdì yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ bàbà. Acetone, oògùn olómi kan tó máa ń tètè gbiná, èyí tí wọn kò da nǹkan kan pọ̀ mọ́, lè yọ òróró náà bí a bá tètè rí i, ṣùgbọ́n kí a jìnnà sí iná nígbà tí a bá ń lò ó. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní Mylar tàbí polypropylene ni kí a béèrè fún. Rọ́bà tí a fi ń di owó kò dára, páálí lásán kò dára, bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má fi ìwé ìròyìn wé e. Ẹ má bínú, Olóòtú, ti yín náà wà níbẹ̀: ásíìdì wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí pé àwọn ènìyàn kì í rò ni àsìkò tí wọ́n ń kó owó náà pamọ́. Ẹni tó bá kó o sínú àpótí tí kò gba atẹ́gùn nínú oṣù kẹfà, ọ̀rinrin oṣù kẹfà ló tì mọ́ inú rẹ̀ yẹn. Ìgbà ọyẹ́ ni kí a dúró dè, kí ara owó ti gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí a fi àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi sí i, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Àpò wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ títí láé; wọ́n máa ń mu yó, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ wọn. Àwọn kan wà tí hóró inú wọn máa ń yí àwọ̀ padà bí wọ́n bá ti mu yó, àwọn wọ̀nyẹn ló dára jù fún ìlú bíi tiwa. Kódà ẹni tó ra sééfù tí iná kì í jó kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn àpò yìí, nítorí ohun tí wọ́n rọ sáàárín ògiri irú sééfù bẹ́ẹ̀ máa ń ní omi nínú, ó sì lè máa tú u sínú sééfù náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé owó ayé àwọn òyìnbó nìkan ló nílò ìtọ́jú. Kọ́bọ̀ tó jáde nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ ní 1973, bàbà àdàlù ni, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde ní 1991, irin ni wọ́n fi nǹkan mìíràn bò lójú. Ẹ gbé òòfà sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé yóò fà á. Bí ìbòrí rẹ̀ bá ti họ níbì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí dógùn-ún.

Ọ̀rọ̀ olè kò gùn. Kí a ya àwòrán ojú méjèèjì owó kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ọdún àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, kí ìwé náà wà níbòmíràn, kí a má sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook pẹ̀lú orúkọ àdúgbò wa.

Mo bẹ yín kí ẹ tẹ àtúnṣe jáde lójú ewé kan náà tí ìmọ̀ràn yẹn wà, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, kó sì jẹ́ kí oṣù Kejìlá tó wọlé, nítorí ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń kó ẹrù síta fọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Ajárá, Àgbádárìgì.