Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Wa: Owó Oṣù Tuntun Tí Wọ́n Ń Yọ Padà Lọ́wọ́ Àwa Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Alága wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a kí ilé, a kí ọ̀nà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ìlú sú yín. Àwa olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba la kọ ìwé yìí, àwa tí kò sí amòfin, dókítà tàbí káńsẹ́lọ̀ kan ní àgbègbè yìí tí kò gba ọwọ́ wa kọjá. Ẹ̀yin gan-an, a máa ń fi yín yangàn níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kọjá ló gbé wa wá. Nígbà tí álẹ́ẹ̀tì wọlé, àfikún owó oṣù tuntun tí a ti ń gbà ti pòórá. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú súlíìpù pé àwọn yóò máa yọ èyí tí àwọn ti san tẹ́lẹ̀ padà, pé “owó tí a ṣèèṣì san” ni. Alága, ta ló ṣèèṣì? Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lọ́jọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024 kò sọ pé kí wọ́n yọ tíṣà sílẹ̀. Ìyá kan nínú wa tó ń kọ́ kíláàsì kìíní ti fojú sọ́nà fún àfikún yìí, ló fi yá owó àjẹsẹ́kù. Nígbà tí àjẹsẹ́kù yọ tiwọn, tí ìjọba náà yọ tiwọn, èyí tó ṣẹ́ kù kò tó o wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ títí oṣù á fi parí. Síbẹ̀, kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan.

Àwọn òṣìṣẹ́ sẹkiteríàtì ìpínlẹ̀ gba tiwọn pé. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan ò bá ní.

A dé ọ́fíìsì yín, wọ́n ní ká lọ bá ìpínlẹ̀. A dé ìpínlẹ̀, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni wá. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, inú yín dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ba àwa. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n di ẹrù owó tíṣà lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí, tí oṣù ń gorí oṣù láìrí owó.

A mọ̀ pé owó wa ń gba púpọ̀ nínú ìpín yín láti Àbújá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣáájú wa lọ bá Gómìnà, kí ìpínlẹ̀ máa fi owó kún un lóṣooṣù, kìkì fún àfikún owó olùkọ́. Kí yíyọ padà yìí sì dúró lóṣù yìí. Owó UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, wà fún ilé kíkọ́ àti ìwé, kò sí fún owó oṣù. A dúpẹ́ fún kíláàsì tuntun. Tíṣà inú rẹ̀ lebi ń pa.

Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ owó lífù, ìgbéga orí ìwé lásán, àti ṣọ́ọ̀kì tí a ń fi owó ara wa rà.

Àwa olóyè ẹgbẹ́ ti ń pàrọwà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wa ti ń há. Irú ọ̀rọ̀ ₦70,000 yìí ló ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní Àbújá lọ́dún 2025. A kò gbàdúrà irú rẹ̀ níbí. Ìpàdé gbogbogbòò wa bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èsì yín ti wà lọ́wọ́ wa kí a tó wọlé.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo olùkọ́

Ẹ̀dà: Kábíyèsí, Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, Alága SUBEB (àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀), aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀