Ẹ dákun, ẹ yọ òkùnkùn yẹn kúrò nínú àwòrán glaucoma

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí, iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú là ń ṣe, ọ̀rọ̀ àwòrán kan la sì bá wá. Bí oṣù Kẹta bá ti dé, tí gbogbo ayé ń ṣe Ọ̀sẹ̀ Glaucoma, ojú ìwé ìlera yín kì í gbàgbé àrùn ojú yìí, tó máa ń pa iṣan tó ń kó ìran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ irú àwòrán kan náà lẹ máa ń tẹ̀ síbẹ̀ lọ́dọọdún: àárín rẹ̀ mọ́ kedere, òkùnkùn biribiri yí i ká. Abẹ́ rẹ̀ lẹ máa ń kọ ọ́ sí pé bí ẹni tó ní glaucoma ṣe ń ríran nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba àwòrán yẹn gbọ́ yóò jókòó máa retí òkùnkùn kó tó lọ rí dókítà. Òkùnkùn ọ̀hún kò ní í wá títí ẹ̀pa ò fi ní í bóró mọ́.

Lọ́dún 2013, David Crabb ti Yunifásítì City ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tó yẹ kí ẹnìkan ti ṣe tipẹ́: wọ́n bi àwọn tó ní àrùn náà fúnra wọn léèrè. Ènìyàn 50 ni. Wọ́n kó àwòrán oríṣiríṣi síwájú wọn, wọ́n ní kí kálukú mú èyí tó jọ ohun tí òun ń rí. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó mú èyí tí òkùnkùn yí ká, kò sì sẹ́ni tó mú èyí tó ní àpá dúdú lára. Ìdá 54 nínú 100 mú àwòrán tí apá kan rẹ̀ ṣe bàìbàì. Ìdá 16 mú èyí tí àwọn nǹkan kàn ti pòórá nínú rẹ̀. Ìdá 26 ní ojú àwọn kò ṣe nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé dúdú àti àìríran kì í ṣe ohun kan náà. Kí èèyàn tó rí dúdú, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú ní láti wà láàyè, kó sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ìmọ́lẹ̀ kò sí níbi báyìí. Níbi tí iṣan tó ń kó ìran bá ti kú, iṣẹ́ kankan kì í dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ohun tó wà lẹ́yìn orí yín nísinsìnyí ńkọ́? Láìyíjú padà, ṣé dúdú lẹ rí níbẹ̀? Ẹ ò rí nǹkan kan ni, ẹ ò tilẹ̀ fura pé ẹ ò rí i.

Gbogbo wa la ní irú ibi bẹ́ẹ̀ lójú, ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara pàápàá. Iṣan tó ń kó ìran lọ sí ọpọlọ ní fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tó tó mílíọ̀nù kan. Ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà jáde lẹ́yìn ẹyinjú, ibẹ̀ kò sì ní ohun tí í gba ìmọ́lẹ̀. Edme Mariotte, ará Faransé, ló ṣàwárí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1660. Ó fi nǹkan bíi dígírì 15 jìnnà sí ibi tí a tẹjú mọ́, lápá ọ̀nà etí. Ó fẹ̀ tó dígírì 5 ààbọ̀, ó sì ga tó dígírì 7 ààbọ̀. Ìyẹn kì í ṣe kékeré rárá. Bí a bá na apá síwájú, àtàǹpàkò wa kò ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ ní fífẹ̀. Ibi tó gba àtàǹpàkò méjì ó lé ló ti ṣófo lójú wa kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí a ti dáyé.

Àwọn òǹkàwé yín lè dán èyí wò nílé. Kí wọ́n mú bébà funfun tí kò ní ìlà, kí wọ́n fi báírò kọ àmì + sápá òsì rẹ̀. Kí wọ́n fi rúlà wọn sẹ̀ǹtímítà 10 lọ sápá ọ̀tún, kí wọ́n ya róbótó dúdú tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 síbẹ̀. Kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, kí wọ́n má ṣe tẹ ẹyinjú o, torí ẹyinjú tí a bá tẹ̀ máa ń ríran bàìbàì fúngbà díẹ̀. Kí wọ́n gbé bébà náà jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àmì + nìkan, kí wọ́n wá máa fa bébà náà bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 35 sí ojú, róbótó yóò pòórá. Bí wọ́n bá tún fà á súnmọ́ sí i, yóò padà yọ.

Bí kò bá pòórá, ó lè jẹ́ ojú ló yà lọ wo róbótó. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, torí ojú kò fẹ́ràn kí nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má wò ó. Ó sì lè jẹ́ ojú ọ̀tún ni wọ́n bò dípò òsì, tàbí kí bébà wọ́ sókè lápá kan. Kí wọ́n tún un ṣe.

Apá kejì ìdánwò yìí ni a fẹ́ràn jù. Kí wọ́n fi rúlà fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó gba àárín róbótó kọjá, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 ó kéré tán. Kí wọ́n tún ṣe bí i ti àkọ́kọ́. Róbótó yóò lọ, àmọ́ ìlà kò ní í já. Bó bá jẹ́ bébà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n lò, ìyeyè ni yóò kún ibẹ̀. Ọpọlọ ti ṣe bíi télọ̀ tó bá ihò pàdé lára àǹkárá: ó wá irú aṣọ kan náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì mú òdòdó bá òdòdó débi pé ojú kò rí ibi tó ti lẹ̀ ẹ́.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí. Lọ́dún 1991, Ramachandran àti Gregory fi hàn pé kò di ibi àbínibí yẹn nìkan: bí a bá tẹjú mọ́ ibì kan lójú ẹ̀rọ tí àmì kéékèèké ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀, tí a fi igun mẹ́rin aláwọ̀ eérú kan tí kò ní àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àmì tó ń ṣẹ́jú yóò gba igun mẹ́rin náà. Lọ́dún 2000, Hidehiko Komatsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan wo ọpọlọ ọ̀bọ, níbi tó ń gba ìran wọlé gan-an. Wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ibi òfìfo yẹn jẹ́ tiwọn ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọ̀ bá kún ibẹ̀. Ìyẹn ni pé ọpọlọ kò kàn fojú fo ibẹ̀. Ó ń ṣe nǹkan sí i. Bó ti ń ṣe é gan-an ni àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí.

Ó yẹ kó ti hàn báyìí ìdí tí glaucoma fi ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Iṣan ń kú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tó bàjẹ́ lójú kan, ojú kejì sábà máa ń bá a rí i. Ojú wa máa ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn tó ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohun tó bọ́ sí àlàfo báyìí lè tún yọ lẹ́yìn náà. Ìyókù, ọpọlọ á lẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ara ògiri tí wọ́n ń ní ká kà kò sì lè tú àṣírí rẹ̀, torí àárín ìríran nìkan ló ń dán wò. Ẹnìkan lè ka ìlà tó kéré jù lọ pátápátá kí ẹ̀gbẹ́ ìríran rẹ̀ sì ti lọ jìnnà.

Ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí ìfọ́jú, tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, yẹ ojú àwọn ẹni 40 ọdún sókè tó ju 13,000 lọ wò. Nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 wọn ló ní glaucoma. Nínú àwọn tó ní in, àwọn tó mọ̀ kò tó 6 nínú 100. Ẹnìkan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. A kò sọ pé àwòrán ló fà á; àìtó ilé ìwòsàn àti owó wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà kò ràn wá lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí tí à ń fi ẹ̀rọ ṣe fún ẹ̀gbẹ́ ìríran, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìrètí nù. Ojú kan là ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni náà yóò gbé àgbọ̀n lé e, yóò tẹjú mọ́ iná àárín, yóò sì máa tẹ bọ́tìnnì bó bá ti rí ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́jú. Lórí ẹ̀rọ Humphrey, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní 24-2, ibi 54 ni a ń dán wò, dígírì 6 sí ara wọn. Ẹ̀rọ yóò máa dín ìmọ́lẹ̀ kù níbi kọ̀ọ̀kan títí ẹni náà kò fi ní í rí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣètò rẹ̀! Àwọn èèyàn ò mọ̀, wọ́n á rò pé àwọn ti ń féèlì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì láìrí nǹkan kan. Bí irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti ju 15 nínú 100 lọ, èsì náà kò ṣeé gbára lé. Ẹ̀rọ tún máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi òfìfo tí Mariotte rí yẹn: ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì nígbà náà, ojú rẹ̀ ti yà kúrò láàárín.

Àṣìṣe míì kì í ṣe ti aláìsàn. Ìpéǹpéjú tó wọ́ bolẹ̀ máa ń jẹ́ kí apá òkè dà bí èyí tó bàjẹ́. Ká fi sẹ́lótéèpù fà á sókè díẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún nílò awò tó bá ìtòsí mu, torí abọ́ ẹ̀rọ náà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣẹ́jú, kò jìnnà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Bí awò ọ̀hún bá sì jìnnà sójú, etí rẹ̀ yóò dí ẹ̀gbẹ́ ìríran yí ká. Èsì ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí ọwọ́ kò tíì mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sunkún lé e lórí kó tó tún un ṣe.

Àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó. Ìwádìí tí Kerrigan-Baumrind, Quigley àti àwọn mìíràn gbé jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé kí ẹ̀rọ tó fi àléébù hàn, ìdá 25 sí 35 nínú 100 àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kó ìran jáde lè ti kú. Nítorí náà, dókítà ní láti wo orí iṣan náà fúnra rẹ̀, kó sì wọn ìfúnpá inú ojú. Ìfúnpá tí kò ju 21 mmHg (òṣùwọ̀n ìfúnpá) lọ kò sì fi hàn pé èèyàn bọ́ lọ́wọ́ glaucoma, torí àwọn kan ní àrùn náà láìsí ìfúnpá gíga.

Nípa àwòrán, ohun tí a rò nìyí. Kí ayàwòrán yín lọ sí oríta kan, kó ya ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti apá òsì. Kí ẹ tẹ àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mejì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ìkejì, kí ẹ yọ ọ̀kadà kúrò, kí ẹ fi ojú títì àti ògiri tó yí i ká dí ibẹ̀, kí ibẹ̀ ṣe bàìbàì díẹ̀, kó má ní etí tó hàn, kó má sì ní dúdú kankan. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí pé: “Ọ̀kadà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní glaucoma lè má rí i, kó má sì mọ̀ pé òun ò rí i.” Bí ẹ bá tẹ ìdánwò róbótó sójú ìwé kan náà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo ojú ni róbótó ń pòórá fún, kì í ṣe àmì àrùn, kí àwọn èèyàn má baà sá wá bá wa lọ́jọ́ kejì pé ojú àwọn ti ń lọ. Ẹ tún fi kún un pé ẹni tó bá ti pé 40 ọdún, tàbí tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní glaucoma, kí ó lọ fún àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbáà jẹ́ pé ó ń ríran dáadáa.

Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa bá ayàwòrán yín ṣe é, a ṣe tán, ọ̀fẹ́ ni.

Àwa ni tiyín,
Àwọn aláyẹ̀wò ojú kan,
Ìbàdàn