Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ ta ilẹ̀ Òṣogbo lọ ra ti Èkó

Àkànní ọmọ ìyá mi,

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp látòkè délẹ̀, mo sì ti wo fọ́tò géètì ẹ́síteètì náà. Géètì yẹn dára. Mo wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, koríko àti omi ni mo rí. O ní kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ọ lóhùn, kí n kàn sọ bóyá màá fọwọ́ sí títa ilẹ̀ wa àbí mi ò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ gígùn náà ni màá kọ, jókòó kà á.

O ní àwọn kan níbi iṣẹ́ yín ń sọ pé ilẹ̀ Èkó ti wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, pé láìpẹ́ yóò wó lulẹ̀ bíi ti Amẹ́ríkà. Ajẹ́ǹtì tìrẹ ní irọ́ ni, ilẹ̀ Èkó kì í wálẹ̀, àti pé tí o bá jẹ́ kí oṣù yìí parí, owó yóò ti gbéra sókè. Ìwọ wá gba ti ajẹ́ǹtì gbọ́, o fẹ́ ká ta ìpín tiwa ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí kíákíá. Lójú tèmi, tọ̀tún-tòsì wọn ni ò wo ibi tó yẹ kí wọ́n wò.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Amẹ́ríkà kúrò ńlẹ̀. Gbèsè ló wó ọjà ilé tiwọn lọ́dún 2008. Báńkì ń yá ẹni tí agbára rẹ̀ ò gbé e lówó láti ra ilé. Nígbà tí wọn ò rí i san mọ́, báńkì gba ilé, wọ́n kó wọn sójú ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, owó ilé sì já. Ní Èkó, ta ni báńkì yá lówó ilé? Ní Oṣù Kọkànlá 2024, báńkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé báńkì tí ìwọ fúnra rẹ yóò lọ bá yóò ju ìyẹn lọ. Owó ilé ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ fún wà lóòótọ́, èlé rẹ̀ kéré sí ti báńkì gan-an, ṣùgbọ́n ka àwọn tó fi kọ́lé nínú àwọn tí o mọ̀ fún mi. Owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra ilẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí kò bá sì jẹ báńkì, kò sẹ́ni tó lè fipá mú un tà. Bí ọjà bá burú, á ti géètì rẹ̀, á fi máígáàdì síbẹ̀, á máa retí. Nítorí náà, má ṣe máa tẹ́tí sí ariwo pé ọjà ilé ti wó. O ò ní gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọjà tí kò pariwo lè kú. Àwa tí à ń ta sìmẹ́ǹtì ní Òṣogbo mọ èyí dáadáa. Ní 2015, nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ò jáde bó ṣe yẹ, tó tún wá di pé ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ǹjẹ́ o gbọ́ pé ilẹ̀ já wálẹ̀ ní ìlú yìí? Rárá. Iye tí wọ́n ń pè é kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè. Àwọn ilé dúró sí líńtẹ́ẹ̀lì, koríko hù nínú pálọ̀ wọn. Màmá kan tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan lápá Kèlébè nítorí owó iléèwé ọmọ rẹ̀. Ó gbé pátákó sí i. Òjò bo pátákó náà títí nọ́ńbà fóònù orí rẹ̀ fi pa rẹ́, ó ní kí ọmọ mi fi ọ̀dà tún un kọ. Nígbà tí olùrà kan yọjú níkẹyìn, ìdajì ló pè é. Màmá ní òun ò tà, ọkùnrin náà ní òun ò fi kún un. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Tí o bá béèrè iye tí ilẹ̀ wà ní Kèlébè nígbà náà, iye tó wà lẹ́nu màmá ni wọn yóò sọ fún ọ. Mo ń sọ fún ọ pé owó iléèwé ọmọ yẹn ò jáde lára ilẹ̀ náà.

Báyìí ni ti Èkó náà ṣe ń rí. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì já láti 2014, tí ọrọ̀ ajé sì fara gbọgbẹ́ ní 2016, ọ̀pọ̀ fúláàtì olówó ńlá ní Ìkòyí ṣófo. Àwọn onílé ò yọ iye tí wọ́n kọ kúrò. Wọ́n ń dúnàádúrà ní kọ̀rọ̀.

Náírà tún ń bá wọn bo àṣírí. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí ₦750 ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì ń ta dọ́là kan. Ní 2024 ó kọjá ₦1,500. Ká ní ₦100 mílíọ̀nù ni ilé kan tẹ́lẹ̀, tó wá di ₦150 mílíọ̀nù. Onílé ń jó. Ẹni tó fi dọ́là kà á rí i pé ó ti kúrò ní nǹkan bí 133,000, ó ti di 100,000. Ilé náà ti já, kò kàn sẹ́ni tó gbọ́ ni.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: pé ilé ń gbówó lórí ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì mọ ohun tó fà á ju ajẹ́ǹtì rẹ lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà kọjá. Ní Oṣù Kejì 2024, báàgì sìmẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000, bí ìlọ́po méjì ohun tí à ń tà á lọ́dún tó ṣáájú. Irin náà gbéra. Ẹni tó bá ti kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú ilé kò lè tà á fún iye tí kò tó owó sìmẹ́ǹtì àti irin tó wà nínú rẹ̀. Á kúkú dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ilé Sùúrùlérè tàbí Yábà tí èèyàn ń gbé, tó ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, mi ò rò pé ó lè já lulẹ̀. Òfìfo ilẹ̀ ni kí o bẹ̀rù. Kò sí báàgì sìmẹ́ǹtì kan nínú ilẹ̀ òfìfo. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà nídìí iye tí wọ́n ń pè é: pápákọ̀ òfurufú ń bọ̀, títì ń bọ̀, àwọn òyìnbó ń bọ̀.

Àwọn kan nínú ìlérí wọn dé lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Èbúté Lẹ́kì ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e ní Oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì sì ni méjèèjì wà. Ti pápákọ̀ òfurufú Lẹ́kì-Ẹ̀pẹ́, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ fún ọ ti ka owó rẹ̀ mọ́ iye ilẹ̀ náà.

Ìwọ ṣáà ronú nípa ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní 2024, ìjọba Èkó ní ₦85,000 ni tiwọn. Kì í ṣe àwọn tó ń gba irú owó yẹn ni yóò rà á. Àwọn tó ń rà á ni àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, àwọn tó ń sá fún náírà, àti àwọn tí owó wọn ń wá ibi tí wọn ò ti ní bi í léèrè. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fẹ́ gbé ibẹ̀. Olúkúlùkù ń retí pé ẹlòmíràn yóò wá gbà á lọ́wọ́ òun ní iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí gbogbo wọn bá fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà, pátákó ló máa pọ̀ níbẹ̀.

O rántí bí ilẹ̀ ọ̀nà Gbọ̀ngán ṣe di wúrà? Wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 Oṣù Kẹjọ 1991, Òṣogbo di olú-ìlú, sẹkitéríàtì bọ́ sí Àbèrè. Èèyàn tó ń gba owó oṣù ló kó wọ̀lú, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò sùn sí. Ilẹ̀ tí mo lè gbà gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kù. O ní "gazette ti ń bọ̀ lọ́nà", ìyẹn ìwé ìjọba tó ń fi hàn pé wọ́n ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún ẹbí tó ni ín. Àkànní, gazette tó ń bọ̀ lọ́nà kì í ṣe gazette. Látìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Tó bá fẹ́ gbà á fún iṣẹ́ ìlú, owó ilé àti irè oko tó wà lórí ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san. Ti ilẹ̀ gan-an kò ju owó tí o san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún náà lọ. Ká wá ní ilẹ̀ òfìfo tí kò níwèé, kí ni wọ́n fẹ́ san fún ọ? Ìwọ ò tíì dáyé dáadáa nígbà tí wọ́n wó àdúgbò Màrókò ní Èkó ní Oṣù Keje 1990, àmọ́ o wà ní Èkó ní 2024 nígbà tí wọ́n ń wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù etíkun nítorí títì Èkó sí Kàlàbá. Nínú àwọn tí wọ́n wó tiwọn, àwọn kan níwèé lọ́wọ́.

Ní ti Òkè-Baálẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni. Bùọ̀dá àgbà ni dáwódù, olórí ẹbí. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, títà náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n ti pè mí, wọ́n ní ibi tí mo bá wà ni àwọn wà. Mi ò ní fọwọ́ sí i. Bínú sí mi bó o bá fẹ́ bínú, inú rẹ á rọ̀ tó bá yá.

Tí owó tìrẹ bá wà lọ́wọ́ tí o sì fẹ́ ra Èkó dandan, mi ò dí ọ lọ́wọ́. Má san kọ́bọ̀ kankan títí sọ́fíọ̀, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tí ìwọ fúnra rẹ wá, kì í ṣe tiwọn, yóò fi gbé nọ́ńbà òpó ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá láti wò ó bóyá ó wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Béèrè lọ́wọ́ dẹ̀fẹ́lọ́pà bóyá yóò rà á padà lọ́wọ́ rẹ lọ́dún tó ń bọ̀ ní ìdajì èrè tó ṣèlérí, kí o wo ojú rẹ̀. Sì múra owó ìpìlẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀. Òfin Èkó ti 2016 ní ẹ̀wọ̀n wà fún ẹni tó bá fipá gbà á. Wọ́n ṣì ń gbà á.

Fi ẹ̀dà sọ́fè náà, ìwé àwòrán ilẹ̀ yẹn, ránṣẹ́ sí mi kí Iléyá tó dé, kí Bùọ̀dá lè bá wa wò ó. Owó fẹ́ńsì Òkè-Baálẹ̀ tó kù lọ́wọ́ rẹ náà, rántí. Birikilà ti ń fi ojú wá mi. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Òṣogbo.